Búrèkì Tuntun fún Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n

Fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀, tí èmi àti ìyàwó mi bá ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láti Ìjerò, ọkọ̀ méjì la fi ń lọ. Òun á wọ takisí, èmi á máa wa ọkọ̀ mi tẹ̀ lé takisí náà lẹ́yìn, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi á sì ṣófo. Tí takisí bá dúró gbé èrò ní Àrámọ̀kọ, èmi náà á dúró. Tó bá ń sáré, èmi náà á sáré. Àwọn èrò á máa bojú wẹ̀yìn wò mí bí ẹni pé gbọ́mọgbọ́mọ ni mí. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ kì í bojú wẹ̀yìn.

Kí ẹ tó sọ pé ìyàwó mi le jù, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọkọ̀ tí à ń wí. Ọkọ̀ eré ni, onílẹ̀kùn méjì, pupa fòò, tó kúrú débi pé téèyàn bá jókòó sínú rẹ̀, ó dà bí ìgbà tó jókòó sórí àpótí ìdáná. Ó ju àkọ́bí mi lọ lọ́jọ́ orí. Inú ọgbà bàbá kan ní Adó ni mo ti rí i, kò pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Adìẹ ti sọ ọ́ di ilé. Ẹyin méje ni mo bá lórí ìjókòó ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, bàbá náà sì kó ẹyin mọ́ ọkọ̀ fún mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì pẹ̀lú mi ń ra ilẹ̀ kòkó. Èmi ra irin tó ti dípẹtà, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Ọdún méjì ni mo fi tún un ṣe. Mo tún ẹ́ńjìnnì ṣe, mo kun ún lọ́dà, mo gbé àwọn ìjókòó fún ẹni tó ń rán bàtà ní Ìjerò, ó sì rán awọ sí wọn tó fi dà bí àga ọba. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo tún ṣe, àyàfi búrèkì. Kí nìdí? Nítorí pé búrèkì kì í dán. Kò sí ẹni tó ń kọjá lọ lọ́nà tí yóò sọ pé, "Ha, Tíṣà, búrèkì yín mà dára o." Ìyẹn ni gbogbo ọgbọ́n tó wà lórí mi nígbà náà.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, Ẹ̀fọ̀n la ti ń bọ̀, a lọ kí ìyá ìyàwó mi. Orí òkè ni Ẹ̀fọ̀n wà. Téèyàn bá ti ń kúrò níbẹ̀, ṣe ni ọ̀nà á máa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, á sì máa kọ́ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Àwọn awakọ̀ wa ní àṣà kan níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti dé ibi tó dà, wọ́n á yọ jíà, wọ́n á fi ọkọ̀ sí fìrì, kó máa yí lọ fúnra rẹ̀ kí bẹntiróòlù má baà tán. Èmi náà tí mo fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ ọmọ ní físíìsì, fìrì ni mo fi sí. Ọkọ̀ ń fò, mo ń tẹ búrèkì, mo ń tú u, mo tún ń tẹ̀ ẹ́, mo ń kọrin. Nígbà tó yá, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí ìgbà tí aṣọ bá ń jó lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Mo tẹ búrèkì, ẹsẹ̀ mi lọ sílẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kò gbọ́.

Inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lápá ọ̀tún ni mo yà á sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin ló wó kí a tó dúró. Kò sí ẹni tó fara pa. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo gíláàsì iwájú, inú ọkọ̀ sì ṣú. Ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó rìn jáde sí títì, ó dá ọ̀kadà kan dúró. Kó tó gùn ún, ó yíjú sí mi.

"Bàbá àwọn ọmọ, mo fẹ́ràn yín, n ò sì kọ̀ yín," ló wí. "Àmọ́ ìdí mi kò tún níí kan àga mọ́tò yìí mọ́ láyé. Mò ń re ulé o."

Ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni takisí ti bẹ̀rẹ̀.

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Láti ìgbà tí à ń fẹ́ra sọ́nà, nígbà tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ lásán ni mo ní, tí ọkọ̀ tó rẹwà bá kọjá, mo máa ń sọ fún un pé, "Irú èyí ni màá fi gbé ọ." Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń sọ ọ́. Nígbà tí mo wá rí ọkọ̀ náà tán, ẹni tí mo rà á fún ló wà nínú takisí níwájú mi, tó há sáàárín obìnrin tó gbé adìẹ àti ọkùnrin tó gbé àpò gààrí. Gbogbo ìyìn tí àwọn èèyàn ń yin ọkọ̀ náà ní Ìjerò kò dùn mọ́ mi létí mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí á jọ sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n.

Bí mo ṣe gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Àrámọ̀kọ lọ nìyẹn. Ẹgbẹ́ mi ni. Àgbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀, ilé wọn kò sì tíì fi Ògún sílẹ̀ di òní. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó wo inú wọn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, dọ́ọ̀mù ló wà níbí yìí. Ó dà bí ìkòkò tí a dé lórí uná. Gbogbo ooru ló há sínú rẹ̀, kò ríbi jáde. Dísìkì la máa fi sí i. Ìta gbangba ni dísìkì wà, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe mọ́tò nìkan ló jẹ̀bi. Ta ló ní kí o fi sí fìrì?"

Mo ní gbogbo ayé ló ń fi sí fìrì níbẹ̀. Ó ní gbogbo ayé kọ́ ló wà nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkọ̀ mìíràn tó tóbi ju tèmi lọ, tí wọ́n ti ń tú ta lẹ́yọ lẹ́yọ, la ti rí dísìkì méjì àti irin tó ń fún wọn mọ́ra. Àmọ́ ihò wọn kò bá ara ọkọ̀ mi mu. Ọ̀gá mú irin pẹlẹbẹ kan tó nípọn, ó gé e, ó lu ihò sí i, ó wọ̀n ọ́n, ó jù ú nù, ó gé òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí a wá dè é tán, tí a fi táyà sí i, táyà kò yí! Ríìmù àtijọ́ kéré jù, ó ń gbo búrèkì tuntun lára. Mo kọ haà, mo fi ẹsẹ̀ ta táyà, ẹsẹ̀ sì dùn mí. Ọ̀gá kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní kí n lọ wá ríìmù tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, mo sì wá a lọ títí dé Adó. Ríìmù olójú gbàràmù ni mo rí, èyí tí èèyàn lè dúró síta kó máa wo dísìkì nínú rẹ̀. Inú mi dùn bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Búrèkì náà wá di ohun tó ń dán!

Ojoojúmọ́ kí ọ̀gá tó mú sípánà, á kọ́kọ́ lọ sí igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí owú tí bàbá rẹ̀ fi ń rọ irin wà, á kán epo pupa sí i lórí, á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọkàn mi kò balẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ọ̀gá, jọ̀ọ́, má fi epo kan ọkọ̀ mi o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Urin tèmi ni mò ń fún lóúnjẹ. Tìrẹ, fún un ní bẹntiróòlù."

Ọjọ́ Àlàmísì la parí. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, èmi jókòó sórí ìjókòó, ó ń kígbe pé, "Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú! Tú u!" títí tí gbogbo atẹ́gùn fi jáde nínú páìpù búrèkì. Nígbà tí mo wà á jáde sí títì tí mo tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ dúró gbọn-in, fìlà mi sì fò kúrò lórí mi lọ lu gíláàsì. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí adùn.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo pe ìyàwó mi wá. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ wo àárín ríìmù. "Ṣé o rí irin róbótó tó ń dán yẹn? Òun ni gbogbo agbára ọkọ̀ yìí. Òun ló ń dá a dúró."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Èyí gan-an?"

"Òun gan-an."

"Àti èyí tó wà lódì kejì?"

"Bákan náà ni wọ́n. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ẹ̀fọ̀n ti di ọjọ́ Ìsinmi yìí. Ṣé wàá bá mi lọ?"

"Ẹ jẹ́ ká jẹun ná," ló wí, ó sì padà sídìí iṣu tó ń gé. Mo lọ wẹ̀. Mo ń wẹ̀, mo ń ráhùn pé obìnrin yìí kò ní í yí ọkàn padà láéláé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ṣáná sí ọkọ̀ kí n lọ fi yangàn díẹ̀ ní ìlú. Ọgbà wa dà díẹ̀ sí ìhà géètì. Mo débẹ̀, mo tẹ búrèkì. Ọkọ̀ ń lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, ọkọ̀ kàn ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́ tẹni kankan, ó sì lọ ki imú bọ inú òkìtì yanrìn tí a kó sílẹ̀ fún ògiri. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo àárín ríìmù. Dísìkì ń kọ mànà, ó tutù. Mo fi ìka kàn án. Epo!

Orí mi gbóná. Gbogbo ilé mi ló mọ̀ pé tí orí mi bá gbóná, etí mi kì í gbọ́ nǹkan mọ́. Mo fa fóònù yọ, mo pe ọ̀gá. Mo ní, "Mo bẹ̀ ọ́ o! Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má fi epo kan ọkọ̀ mi! O ti lọ da epo Ògún sí búrèkì, o fẹ́ pa mí! Ṣé irú iṣẹ́ tí bàbá rẹ kọ́ ọ nìyẹn?" Mo sọ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mò ń bọ̀," ló wí.

Ìyàwó mi ti jáde. Ó rí imú ọkọ̀ nínú yanrìn, ó káwọ́ lérí. "Kí ló ṣe búrèkì náà?"

"Kèfèrí yẹn ti da epo sí i!"

Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó sì yára wọ ilé ìdáná lọ. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

Orí ọ̀kadà ni ọ̀gá bá dé, àpótí irinṣẹ́ wà lórí itan rẹ̀. Kò kí mi. Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó yọ táyà, ó fi ìka ra dísìkì, ó sì wá nu ìka náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Àwọ̀ wo nìyẹn?"

Mo wò ó. Kò pupa. Ó mọ́ gaara, ó pọ́n rúsúrúsú díẹ̀.

"Epo ulé wa, pupa ni. Ó ya, gbóòórùn rẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ sí imú. Mo mọ òórùn náà. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ. Òórùn iwájú orí ìyàwó mi ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tó bá ti fi òróró àdúrà kan orí kó tó wé gèlè.

Ìyàwó mi ti dé ẹ̀yìn wa. Ó kúnlẹ̀ fún ọ̀gá. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Èmi ni. Lánàá, nígbà tí wọ́n ń wẹ̀, mo gbé òróró jáde. Wọ́n ní òun ló ń dá mọ́tò dúró. Mo ní kí n fi ìka kan sàmì àgbélébùú lásán sí i. Mo wá rántí bí òkè Ẹ̀fọ̀n ṣe ga tó. Mo bá dà á. Mo dà á yí i ká. Mo pín in sí méjèèjì dọ́gbadọ́gba."

Ẹ̀rín tí ọ̀gá rín lọ́jọ́ náà, ṣe ló jókòó sórí táyà. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nǹkan mìíràn ló gbà mí lọ́kàn. Mo ń wo obìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú mi. Òróró tí kì í jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn, tó ń lò ní ẹ̀kán ẹ̀kán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìgò rẹ̀ gbẹ sórí irin ọkọ̀ tó ní òun kò ní wọ̀. Ó ti pinnu kí n tó wẹ̀ tán. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi, síbẹ̀ ó ti pinnu láti bá mi lọ. Mo fà á dìde, mo gbọn yanrìn kúrò ní orúnkún rẹ̀.

Mo wá yíjú sí ọ̀gá. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dì mí mú léjìká.

"Kì í ṣe Ògún lo bú," ló wí, "Ògún lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Uṣẹ́ ọwọ́ mi lo bú. Bí o ṣe pariwo tó nínú fóònù, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe pariwo ẹ̀bẹ̀ yẹn."

Ni mo bá dúró ti òkìtì yanrìn, èmi àgbàlagbà, mo ń kígbe pé iṣẹ́ ọ̀gá dára, pé èmi ni mo ṣì í sọ. Àwọn ará àdúgbò ń yọjú lójú fèrèsé. Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá fi ọṣẹ àti bẹntiróòlù fọ dísìkì títí tó fi gbẹ. Ó ní páàdì tó ń dì í mú ti mu òróró yó, kò tún wúlò mọ́, ó sì padà wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú tuntun. Nígbà tó ṣe tán, ó pe ìyàwó mi, ó ń fi ọwọ́ hàn án. "Ìyá, orí mọ́tò, o lè fi òróró sí i. Bónẹ́ẹ̀tì, fi sí i. Ibi tí búrèkì bá ti ń di nǹkan mú, ó ní láti gbẹ. Tí ó bá ṣẹ́ kù díẹ̀, fi kan ẹsẹ̀ ọ̀tún Tíṣà, kó má baà tún re fìrì." Èyí tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìgò náà ni ìyàwó mi fi pa ẹsẹ̀ mi lóòótọ́, ọ̀gá sì ṣe àmín ju gbogbo wa lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyàwó mi jáde nínú aṣọ funfun. Gèlè rẹ̀ ga ju ọkọ̀ lọ, kò lè wọlé. Ó tú u, ó gbé e lé itan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ṣáná sí ọkọ̀. Bí a ti ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò ní títẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Ní gbogbo kọ̀rọ̀ ló ń tẹ búrèkì tí kò sí níbẹ̀, tó ń kọrin ìyìn lóhùn òkè. Òun tẹ̀ ẹ́ jù mí lọ. Nígbà tí a dé, ìyá rẹ̀ jáde, ó wo ìjókòó, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "O ò wọ takisí?" Ìyàwó mi ní òun ò wọ̀ ọ́.

A ṣe ìkórè, a jẹ iyán, a jó. Ní ọ̀sán a dágbére. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti ń dà, mo dúró ná.

"Jíà wo ló wà?" ló bi mí.

"Jíà kejì."

"Fìrì ńkọ́?"

"Mo ti gbàgbé ibi tó wà."

Ó mi orí pé ó dára. Mo tú búrèkì, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mo ń retí orin, mo ń retí ẹsẹ̀ nílẹ̀ ọkọ̀. A kọjá kọ̀rọ̀ kìn-ín-ní, n kò gbọ́ nǹkan kan. A kọjá ìkejì. Mo rò pé ẹ̀rù ti mú un débi tí kò lè sọ̀rọ̀, mo sì yíjú wò ó.

Ó ti sùn. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, orí rẹ̀ fara ti àga, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ lórí gèlè. Ọkọ̀ kan dé ẹ̀yìn mi, ó ń fọn fèrè pé kí n sáré. N kò dá a lóhùn. Mo ń fi ẹsẹ̀ tó rùn fún òróró tẹ búrèkì díẹ̀díẹ̀, kí orí rẹ̀ má baà fì.